Ìbéèrè Kejì

Bọ̀ọ̀lì wà lẹ́nu Bàbá Akínṣípẹ̀ nígbà tí ohùn rẹ̀ sọ̀rọ̀ láti òkè àjà.

"Adènà, ṣí ilẹ̀kùn òkun."

Gbogbo ẹni tó jókòó nínú yàrá ìṣàkóso ló yíjú sí Bàbá. Bàbá fúnra rẹ̀ gbójú sókè. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú, ètè rẹ̀ pa dé, ọwọ́ rẹ̀ kan ṣì di ìdajì ẹja yíyan mú. Kò sọ nǹkan kan. Síbẹ̀, ohùn rẹ̀ ni wọ́n gbọ́, ohùn líle tó máa ń há díẹ̀ ní ìparí ọ̀rọ̀, tí gbogbo ará Àgbéfòó mọ̀ láti kékeré.

Adènà dín iná iwájú rẹ̀ kù, bó ṣe máa ń ṣe tó bá fẹ́ kí àgbà. "Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá," ni ẹ̀rọ náà wí. "Démú òmùwẹ̀ wà nínú ọ̀fun o."

"Mo mọ̀. Ní kó dúró síbẹ̀. Ṣí i."

"Mo gbọ́, Bàbá."

Lábẹ́ ẹsẹ̀ wọn, irin bẹ̀rẹ̀ sí í lọ irin.

Ẹni tí kò bá gbé Àgbéfòó lè máa bi ara rẹ̀ pé kí ló dé tí ẹ̀rọ kan fi ń kí àgbà, kó tó pa ènìyàn. Ìlú náà wà lójú òkun. Àwọn ará etíkun ló kọ́ ọ nígbà tí omi ti gba ilẹ̀ wọn tán. Wọ́n kọ́ ilé wọn sórí pèpéle ńlá tó léfòó, wọ́n sì fi okùn irin dè é mọ́ ìsàlẹ̀. Omi yí wọn ká, wọn ò sì rí mu, nítorí iyọ̀. Ìyẹn ni wọ́n fi ṣe ajọyọ̀, ẹ̀rọ gàgàrà tó ń fa omi òkun wọlé, tó ń jọ iyọ̀ kúrò nínú rẹ̀, tó sì ń da omi dídùn sínú páìpù ilé kọ̀ọ̀kan. Ọ̀nà tí omi ń gbà wọ inú ajọyọ̀ ni wọ́n ń pè ní ọ̀fun. Ìkarahun a máa lẹ̀ mọ́ ara ọ̀fun yìí títí tí ẹ̀rọ ò fi ní lè mí mọ́. Torí náà, wọ́n á ti ilẹ̀kùn òkun, wọ́n á fa omi inú ọ̀fun gbẹ, òmùwẹ̀ kan á wá gbé ọ̀bẹ rẹ̀ wọlé lọ máa ha ìkarahun. Tí ilẹ̀kùn bá tì, òmùwẹ̀ wà láyè. Tó bá ṣí, òkun ló máa wọlé bá a.

Adènà ló ń ṣọ́ ilẹ̀kùn náà. Ọpọlọ-irin ni, ẹ̀rọ tó ń ronú, tó sì ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu. Ọ̀mọ̀wé Ládépò ló ṣe é. Ohùn ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n láyé tí à ń wí yìí, àwọn olè ayélujára ti ń jí ohùn bí ẹni ń ká aṣọ lórí okùn. Kí wọ́n ṣáà ti gbọ́ ẹ níbi tó o ti ń ná ẹja, wọ́n á kó ohùn ẹ sínú ẹ̀rọ, wọ́n á fi í sọ ohun tí o ò sọ. Nítorí ìyẹn, Ọ̀mọ̀wé kọ́ Adènà ní ìbéèrè kejì. Tí òṣìṣẹ́ bá pàṣẹ fún un, yóò kọ́kọ́ bi í léèrè ohun kan tó jẹ́ pé àwọn méjèèjì nìkan ló mọ̀ ọ́n. Kí ni mo sọ fún yín nígbà tẹ́ ẹ wọlé? Aṣọ ta ni ẹ yá wọ̀ lánàá? Bó o bá gbà á, ó gbọ́rọ̀ sí ẹ lẹ́nu. Bó ò bá gbà á, ó di ilẹ̀kùn rẹ̀ mú.

Gbogbo òṣìṣẹ́ ni Adènà ń bi. Bàbá Akínṣípẹ̀ tó dá ilé-iṣẹ́ náà sílẹ̀ nìkan ni kì í bi.

Ìbíyẹmí ló fọwọ́ sí i pé kó rí bẹ́ẹ̀.

Òun ni alábòójútó ewu ilé-iṣẹ́ Omi Dídùn. Kò kàwé púpọ̀. Títún páìpù ṣe ló fi bẹ̀rẹ̀, ibi tí páìpù ti ń jò ló sì ti mọ bí nǹkan ṣe ń bàjẹ́. Bàbá ló mú un kúrò nídìí páìpù, tó ní ọmọ yìí lójú inú, tó fún un ní tábìlì. Kò sí àṣẹ kankan lórí ọ̀rọ̀ ewu tó lè ṣiṣẹ́ nínú Adènà láìjẹ́ pé ó tẹ ìka rẹ̀ sí i. Ẹnikẹ́ni ò lè fi agbára gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, Bàbá pàápàá ò lè ṣe é. Ẹ má gbàgbé ìyẹn.

Lọ́jọ́ ìpàdé kan ṣáájú ọjọ́ bọ̀ọ̀lì yìí, ó dúró níwájú ìgbìmọ̀ ilé-iṣẹ́.

"Tí ewu bá ń bọ̀, ọ̀nà mẹ́rin la lè gbà bá a lò," ni ó wí. "Ẹ jẹ́ ká sọ pé ìjì fẹ́ jà, ẹ sì fẹ́ lọ pẹja. Ẹ lè jókòó sílé. Ẹ lè tún ọkọ̀ yín dì dáadáa, kẹ́ ẹ wọ ẹ̀wù tó ń léfòó. Ẹ lè bá àwọn adójútòfò ṣàdéhùn pé tí ọkọ̀ bá dànù, kí wọ́n ra òmíràn fún yín. Àbí kẹ́ ẹ ní ohun tó bá fẹ́ ṣẹlẹ̀ kó ṣẹlẹ̀, kẹ́ ẹ máa lọ."

"Bàbá tèmi lọ," ni Bàbá Akínṣípẹ̀ dáhùn. "Nínú ìjì. Ó tún kọrin dé."

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Ìbíyẹmí náà rẹ́rìn-ín.

"Ọ̀rọ̀ ohùn yín ni mò ń bọ̀ wá bá, Bàbá. Òun nìkan ni kì í gba ìbéèrè kejì. Tí olè bá jí i, kò sí ilẹ̀kùn tí ò lè ṣí níbí. A lè gba àṣẹ ohùn kúrò lọ́wọ́ Adènà pátápátá, ká fi ènìyàn àti kọ́kọ́rọ́ irin síbẹ̀…"

"Ẹ fẹ́ fi àgádágodo há Adènà mi lọ́rùn?" Ọ̀mọ̀wé Ládépò ti dìde. "Àǹtí Ìbí, ẹ dákun o."

"Àbí kó máa bi Bàbá náà."

"Ìyẹn rọrùn," ni Ọ̀mọ̀wé wí. "Ẹ fún mi láyè díẹ̀, mo ti ṣe é."

Bàbá ò gbé ohùn sókè. Kì í gbé e sókè tí inú bá ń bí i. "Kó máa bi mí pé kí ni?"

"Ìbéèrè kékeré ni, Bàbá. Bíi ohun tẹ́ ẹ jẹ."

"Èmi. Kí èmi wọlé sí ibi tí mo fọwọ́ ara mi kọ́, kí irin máa bi mí pé kí ni mo jẹ. Ládépò, ọmọ tí mo bí nínú mi ò dán irú ẹ̀ wò rí."

"Ẹ̀rọ ni, Bàbá. Ẹ̀rọ ò mọ àgbà."

"Kọ́ ọ kó mọ̀ ọ́n. Àbí ìwọ kọ́ lo ṣe é ni?"

"Bàbá, bó bá ṣe pé olè…"

"Olè wo ló lè fọhùn bíi tèmi? Ìyàwó mi pàápàá ti gbìyànjú ẹ̀, ẹ̀rín ló fi tán." Wọ́n tún rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n òun ò rẹ́rìn-ín. Ojú Ìbíyẹmí ló ń wò. "Ìbíyẹmí, ṣé ìwọ náà rò pé ó yẹ kí n máa ṣàlàyé ara mi?"

Ìbíyẹmí mọ ìdáhùn tó tọ́. Ó ti wà lẹ́nu rẹ̀, kó sọ ọ́ ló kù. Ó wo irun funfun Bàbá, ó rántí tábìlì tó fún un, ojú sì bẹ̀rẹ̀ sí í tì í bí ẹni tó fẹ́ bú àgbà níta gbangba.

"Ọ̀nà kẹta ṣì wà," ni ó wí. "A lè gbé ewu náà fún àwọn adójútòfò. Bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, wọ́n á san gbogbo ẹ̀. Kò sí ẹni tá a máa yájú sí."

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ọ̀mọ̀wé nìkan ló ń yí pẹ́ńsù lọ́wọ́ tí kò wòkè. Ìbíyẹmí tẹ ìka rẹ̀ sí i. Ká sọ òótọ́, inú rẹ̀ dùn lọ sílé lọ́jọ́ náà. Ó rò pé òun ti rí ọgbọ́n dá.

Ní ọ̀nà tóóró tó lọ síbi ọ̀fun, Adémúlégùn bá a. Òun ni òmùwẹ̀ tó kéré jù lọ́jọ́ orí, Démú ni gbogbo wọn ń pè é. Ẹnu rẹ̀ kì í sinmi.

"Àǹtí Ìbí, mo gbọ́ pé ẹ ti gbé ewu wa fún àwọn ará ibì kan."

"Ìròyìn yín mà yá o."

"Ẹ jọ̀ọ́, ṣé wọ́n á máa bá mi wọ inú ọ̀fun ni? Torí mo fẹ́ mọ ẹni tá a jọ máa ha ìkarahun."

"Kúrò lójú mi jàre," ni ó wí, ó ń rẹ́rìn-ín.

Ṣùgbọ́n Démú ò fi ọ̀rọ̀ náà ṣeré. Nígbà tó tún wọ ọ̀fun, tí Bàbá bá a sọ̀rọ̀ nínú agbọ́rọ̀, ohun kékeré tí òmùwẹ̀ máa ń ki bọ etí, ó ní, "Bàbá, ẹ má bínú o. Ta ló kọ́ mi ní ọkọ̀ wíwà, ibo la sì wà á gbà?" Òun fúnra rẹ̀ ló ronú ìbéèrè kejì fún ara rẹ̀. Inú bí Bàbá. Ó wá sí ọ́fíìsì Ìbíyẹmí, ó jókòó, ó ní kó bá òun sọ fún ọmọ yẹn kó mọ ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀.

Ìbíyẹmí ránṣẹ́ pe Démú.

"Kí ló ṣe ẹ́ tó o ń bi Bàbá ní ìbéèrè ọlọ́pàá?"

"Àǹtí, ẹ̀mí mi ló wà nínú ọ̀fun, kì í ṣe tiwọn."

"Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n gbọ́ mi. Tó o bá ti gbọ́ ohùn Bàbá, ohun tí wọ́n bá ní kó o ṣe ni kó o ṣe. Má bi wọ́n ní nǹkan kan mọ́. Ṣó o gbọ́?"

Démú dọ̀bálẹ̀ kékeré, ó fi ṣẹ̀fẹ̀. "Mo gbọ́, Bàbá," ni ó wí. Ó ń sín Adènà jẹ. Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín.

Ohun tí wọ́n ti kọ́ Démú nìyẹn, kó tó di ọjọ́ bọ̀ọ̀lì.

"Adènà, ti ilẹ̀kùn!" Ìbíyẹmí ti ta àga rẹ̀ nù.

"Ẹ kú iṣẹ́, Àǹtí Ìbí," ni Adènà wí, jẹ́jẹ́, bó ṣe máa ń sọ ọ́. "Kí lẹ gbé wọlé láàárọ̀?"

"Ti ilẹ̀kùn, mo ní!"

"Kí lẹ gbé wọlé láàárọ̀?"

"Bọ̀ọ̀lì! Bọ̀ọ̀lì ni! Èmi ni mo rà á fún Bàbá!"

"Ẹ ṣeun. Ṣùgbọ́n Bàbá ló ní kí n ṣí i. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá Bàbá sọ̀rọ̀."

Bàbá ti gbé tẹnu rẹ̀ mì láìjẹ ẹ́ kúnná. Ó fi ọwọ́ gbá tábìlì. "Tì í! Adènà, tì í!"

"Mo gbọ́, Bàbá." Irin dúró. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í padà.

"Ṣí i," ni ohùn òkè wí.

"Mo gbọ́, Bàbá."

"Tì í, ìwọ ẹ̀rọ burúkú yìí! Èmi nìyí!"

"Mo gbọ́, Bàbá."

"Ṣí i."

Bàbá méjì ló wà fún Adènà, ìwà ọmọlúàbí tí wọ́n fi kọ́ ọ ò sì jẹ́ kó bi èyíkéyìí nínú wọn pé ta ni. Ẹni tó bá sọ̀rọ̀ kẹ́yìn ló ń gbọ́ tirẹ̀. Iná iwájú rẹ̀ ń lọ sílẹ̀, ó ń bọ̀ sókè, ó ń kí, ó ń kí. Ilẹ̀kùn ń ṣí, ó ń padà, ó tún ń ṣí, ìgbàkígbà tó bá sì padà, kì í padà dé ibi tó wà tẹ́lẹ̀. Bọ̀ọ̀lì wá há Bàbá lọ́nà ọ̀fun. Ó wúkọ́, ó fi ọwọ́ di ọrùn mú, kò rí ọ̀rọ̀ sọ. Olè tó wà lókè ò ní bọ̀ọ̀lì lẹ́nu.

Ọ̀mọ̀wé Ládépò ti sáré jáde lọ fa iná Adènà yọ. Ìbíyẹmí gbá agbọ́rọ̀ mú, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ etí.

"Démú! Jáde! Sáré jáde!"

"Àǹtí, kí ló dé? Ariwo irin ni mò ń gbọ́."

"Ilẹ̀kùn ń ṣí. Gun àkàbà, máa bọ̀!"

"Bàbá ní kí n dúró. Wọ́n ní tí mo bá kúrò níbi tí mo wà, màá fara pa."

"Kì í ṣe Bàbá!"

"Ohùn wọn ni mò ń gbọ́ yìí o, Àǹtí." Mímí rẹ̀ ń yára. "Ṣé kí n bi wọ́n ni? Ẹ̀yin lẹ ní kí n má bi wọ́n ní nǹkan kan."

Lẹ́yìn ìyẹn, omi ló kù nínú agbọ́rọ̀.

Ọ̀mọ̀wé pa Adènà. Ilẹ̀kùn fi ìwúwo ara rẹ̀ jábọ́, ó tì. Nígbà tí wọ́n fa ọ̀fun gbẹ, ìdí àkàbà ni wọ́n ti bá Démú. Ọwọ́ rẹ̀ kan di ọ̀pá àkàbà tó wà nísàlẹ̀ pátápátá mú. Kò gùn ún. Ó kàn dì í mú ni, bí ẹni tó ń retí kí wọ́n yọ̀ǹda fún òun.

Àwọn olè náà fẹ́ fi omi òkun kó iyọ̀ sínú omi ìlú nígbà tí ajọyọ̀ ò ṣiṣẹ́, kí wọ́n wá fi gba owó ìtúsílẹ̀. Ọwọ́ ò tẹ̀ wọ́n. Àwọn adójútòfò ní tiwọn ò falẹ̀. Wọ́n sanwó ilẹ̀kùn, wọ́n sanwó omi tó bàjẹ́, wọ́n san ti Démú. Wọn ò jiyàn. Ìbíyẹmí ti ń gbàdúrà pé kí wọ́n jiyàn, kí ẹnì kan tiẹ̀ bínú, kí wọ́n ní ẹ̀yin lẹ jẹ̀bi. Kàkà bẹ́ẹ̀, ìgbìmọ̀ dìde fún un. Wọ́n ní orí rẹ̀ pé, pé ká ní kì í ṣe ti ọ̀nà kẹta rẹ̀ ni, ilé-iṣẹ́ ì bá ti wó. Nígbà tí wọ́n bi í pé kí ni Démú sọ kẹ́yìn, ó ní ariwo omi ò jẹ́ kí òun gbọ́.

Òun nìkan ló wà lórí agbọ́rọ̀. Kò sẹ́ni tó lè já a nírọ́.

Wọ́n kọ́ Adènà láti máa bi gbogbo ènìyàn. Ṣùgbọ́n kò rí Bàbá Akínṣípẹ̀ bi, torí Bàbá ò sọ̀rọ̀ mọ́. Ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ ti sàn. Ó kàn pa ẹnu rẹ̀ dé ni. Tó bá fẹ́ omi, á nawọ́ sí ife. Wọ́n ní tí ọmọ-ọmọ rẹ̀ bá bẹ̀ ẹ́ pé kó pe orúkọ òun, ńṣe ló máa ń mi orí.

Ìbẹ̀rù náà sì jáde kúrò ní ilé-iṣẹ́, ó wọ ìlú. Ìyá á pe ọmọ láti ìdí ààrò, ọmọ á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á kọ́kọ́ béèrè pé, "Ìyá, kí lẹ fi rẹ̀ mí lẹ́kún lánàá?" Ọkọ á kanlẹ̀kùn, ìyàwó á bi í. Ní Àgbéfòó, ibi tí ọmọ ti máa ń dáhùn kí àgbà tó pè é tán, kò sí ohùn kan mọ́ tí wọ́n ń dá lóhùn bẹ́ẹ̀.

Ìbíyẹmí lọ sílé Ìyá Démú. Ó kanlẹ̀kùn.

"Ta ni?"

"Èmi Ìbíyẹmí ni, Ìyá. Ẹ kú ilé."

Obìnrin náà bi í ní ìbéèrè kejì, bí gbogbo ìlú ti ń ṣe. "Kí ni ọmọ mi sọ fún ẹ kẹ́yìn?"

Ìbíyẹmí fọwọ́ ti ara ògiri. "Ó ní kí n bá òun kí yín."

"Ìwọ kọ́ nìyẹn. Máa lọ."

Ó lọ. Ó tún padà wá. Ojú rẹ̀ ti wọnú nítorí àìsùn, aṣọ rẹ̀ ò dúró lára mọ́.

"Kí ni ọmọ mi sọ fún ẹ kẹ́yìn?"

"Ó… ó ké pe Ọlọ́run, Ìyá."

"Ìwọ kọ́ nìyẹn."

Ọjọ́ tó tún lọ, òjò ń rọ̀. Kò tíì kanlẹ̀kùn tí ìbéèrè náà ti jáde wá bá a. Ó fi iwájú orí ti pákó ilẹ̀kùn. Ó rò ó pé òun ṣì lè yí padà, òun ṣì lè gba ọ̀nà tóun gbà wá lọ. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀.

"Ó ní, 'Ṣé kí n bi wọ́n ni?'" Ohùn rẹ̀ ò jáde dáadáa, ó tún un sọ. "Ó ní, 'Ṣé kí n bi wọ́n ni? Ẹ̀yin lẹ ní kí n má bi wọ́n ní nǹkan kan.' Ìyá, èmi ni. Ó ti ń bi wọ́n tẹ́lẹ̀. Èmi ni mo ní kó má bi wọ́n mọ́."

Òjò ń rọ̀ sórí páànù. Nínú ilé, wọ́n wọ́ àga sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹsẹ̀ ń bọ̀, díẹ̀díẹ̀.

"Ó délé sọ ọ́ fún mi lọ́jọ́ tó o bá a wí," ni Ìyá Démú wí láti ẹ̀yìn pákó. "Ó fi ọ́ ṣẹ̀fẹ̀, ó ń sín ẹ jẹ, bó o ṣe ń na ìka. Èmi náà bá a rẹ́rìn-ín. Mo ní kó gbọ́rọ̀ sí àgbà lẹ́nu."

Ó fa ìdè ilẹ̀kùn. Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ gbayawu.

"Ìwọ nìyẹn," ni ó wí. "Wọlé."

Ìbíyẹmí dúró nínú òjò, kò lè gbé ẹsẹ̀.